Aṣọ Ìbora Tí Ìyá Ọkọ Gbé Fún Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí ojú ìyá ọkọ nọ́ọ̀sì kan di bàìbàì, ìyá náà gbé aṣọ ìbora tó ń fi ìkọ́ àti òwú wúlù hun lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Aṣọ ọ̀hún kò tíì dé ìdajì.

"Ìyàwó mi, bá mi parí ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń rán ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ híhun rárá. Síbẹ̀, ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ aládùúgbò kan. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹsẹ̀ ń ro ó, á jókòó tì í. Ohun tó bá hun a wọ́ bí ọ̀nà ejò. Á tú u, á tún un hun, aṣọ á sì tún wọ́. Ọkọ rẹ̀ a yọjú láti yàrá: "Màmá ń béèrè aṣọ wọn o."

"Ẹ wá hun ún, ṣebí ẹ̀yin lọmọ wọn."

Nígbà tó sú u pátápátá, ó gbé aṣọ náà lọ bá ìyá.

"Mà, ẹ má bínú. Agbára mi ò ká a."

Ìyá fọwọ́ pa aṣọ náà lára, ó fa òwú, ìlà kan sì tú. Ó ń fà á lọ títí ó fi dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ hun.

"Mà, tiyín lẹ ń tú yẹn."

"Mo mọ̀. Àwọ̀ ẹ̀ ò wù mí látìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ẹ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ti jù ú nù ni."

Inú bí nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, ó jókòó ti ìyá, ó gba aṣọ náà.

"Ẹ jẹ́ n fà á. Ọwọ́ yín ò yá tó."