Àpá Tó Bọ́ sí Òdìkejì

Ọwọ́-Ọ̀dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọ̀dà kì í tán léèékánná rẹ̀. Ìdí kọ̀ǹpútà ló ti bẹ̀rẹ̀, nílé ìtẹ̀wé kan, níbi tó ti ń bá àwọn oníbàárà nu rorẹ́ kúrò nínú fọ́tò pélébé. Lọ́jọ́ kan ló tẹ fọ́tò ìyá rẹ̀ sórí aṣọ líle, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ó wá ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ mọ ọ̀dà kíki lé e títí imú fi yọ síta, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wú. Áà, ẹ̀ bá fọwọ́ kàn án! Àwọn ayàwòrán ní ẹ̀rọ ló ń bá a ṣiṣẹ́; àwọn oníkọ̀ǹpútà ní ó ń fi ọ̀dà ṣòfò. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ yìí ló gbé ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin náà ti kú, ojú ìyá rẹ̀ sì ti fọ́. Ìyá kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kí ọwọ́ òun tún kan ojú ọkọ òun. Fọ́tò tí bàbá fi fóònù ya ara rẹ̀ ni wọ́n mú wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbé àwòrán bàbá tó ti parí, fóònù Ọwọ́-Ọ̀dà dún.

"Àǹtí, a ti ń bọ̀ o. Màámi ò jẹ́ kí n sinmi! Wọ́n ní àpá òkè ojú ọ̀tún Bàámi lọwọ́ àwọn máa kọ́kọ́ lọ."

"Ojú ọ̀tún kẹ̀?"

"Ọ̀tún ni. Ibi tí páànù òrùlé ti ya wọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra."

Ọwọ́-Ọ̀dà yíjú sí pátákó. Òkè ojú òsì bàbá ni àpá wà lórí pátákó! Ó sáré wo fọ́tò: bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wà lódì. Fóònù ti yí bàbá padà bíi ti inú dígí, kò sì kíyè sí i. Lórí kọ̀ǹpútà, kó kàn fìka tẹ nǹkan ni, ojú á yí padà. Lórí pátákó ńkọ́? Ọ̀dà ò mọ "dá a padà".

Ó gbé ọ̀bẹ. Ó ha àpá òsì kúrò, ó rọra tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Ọ̀pá ìyá ti ń dún lórí àtẹ̀gùn: kọ́, kọ́, kọ́. Ó da ọ̀dà tútù sí òkè ojú ọ̀tún, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fà á. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ọmọ mi, ọkọ mi dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì—"

Ọwọ́ ìyá ti dé iwájú orí. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún, ó dúró. Ìka rẹ̀ rì wọnú ọ̀dà.

"Kí ló ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ yìí?"

"Ẹ má bínú, mà. Òdìkejì ni mo fi àpá yẹn sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni, kò tíì gbẹ."

Ọmọbìnrin fọwọ́ bo ẹnu. Àfi bí èjìká ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni!

"Bó ṣe rí gan-an nìyí lọ́jọ́ tó gbé e wọlé! Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá, ó ń bi mí bóyá oúnjẹ ti jinná. Oníwàhálà!"

Ọwọ́-Ọ̀dà na ọ̀bẹ kó lè tẹ́ ojú ibi tí ìka rì sí. Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbẹ, pẹ̀lú ojú ìka ìyá nínú àpá.