Àkànjí, Ẹmọ́ Òyìnbó Bàbá Onílé

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí pálọ̀ mi ní Ìpájà, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ohùn kan jáde láti inú fóònù ọmọ-ọmọ mi: "wíì, wíì, wíì," bí ẹni tó ń súfèé láàárín eyín. Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Mo ní kó gbé fóònù náà wá kí n rí i. Ẹranko kékeré kan ni, ó rí roboto, etí rẹ̀ kéré, kò nírù, ó ń jẹ ewé lórí tábìlì àwọn òyìnbó kan. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa, a jọ gbé ilé kan náà rí ni.

Ẹmọ́ òyìnbó là ń pè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìgàndó, ọ̀pọ̀ ilé ló ń sìn ín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ìgàndó ìgbà náà kì í ṣe Ìgàndó tí ẹ mọ̀ yìí. Koríko pọ̀ ju ilé lọ, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ilé tí ẹmọ́ òyìnbó bá wà, ejò kì í wọ̀ ọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, èmi ò mọ̀. Mi ò ṣáà rí ejò kankan rí nílé wa, àfi èyí tí Bàbá Rẹ̀mí, aládùúgbò wa, máa ń sọ pé òun ti pa kí a tó jí.

Ilé gígùn kan là ń gbé, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láàárín, tí yàrá tò lọ lọ́tùn-ún àti lósì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá sín ní yàrá iwájú, ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ kí i pẹ̀lẹ́. Bàbá Onílé ló ń gbé iwájú. Ọkùnrin gíga ni, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, òfin rẹ̀ sì pọ̀ ju àwọn ayálégbé rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé sítóòfù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan rédíò sókè láàárọ̀. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sáré. A máa ń gbúròó rẹ̀ kí a tó rí i, nítorí bàtà táyà kan tó máa ń wọ́ nílẹ̀, "ṣàà, ṣàà," tí ikọ́ á sì tẹ̀lé e, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin líle yìí kan náà ló ni Àkànjí. Ìyàwó rẹ̀ ló ra àwọn ẹmọ́ òyìnbó bíi mélòó kan lọ́jà Agége nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé ilé náà. Wọ́n bímọ, wọ́n pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ìyàwó náà kú, èmi ò tiẹ̀ bá a láyé. Àwọn ẹmọ́ náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, Bàbá sì sọ ọ́ ní Àkànjí. Nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n, ó ti darúgbó. Ojú rẹ̀ kan ti funfun, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan, ó sì máa ń rìn bí ìyàwó tí kò fẹ́ tètè dé ilé ọkọ. Bàbá fi pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sí ẹnu àpótí onígi tó ń gbé kí ó má baà máa fò. Láràárọ̀, bàtà táyà á wọ́ dé ẹnu àpótí náà, Bàbá á húkọ́, á ní, "Àkànjí, ṣé o jí?" Àkànjí náà á dá a lóhùn: "Wíì, wíì."

Èmi àti Múlíkà, ọmọ yàrá tó kọjú sí tiwa, la máa ń já koríko tútù fún un bí a bá ti dé láti iléèwé. Ọ̀rẹ́ mi ni Múlíkà láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ. Bó bá ń rìn bíi ọ̀gá iléèwé wa, ẹ̀yin náà á dìde dúró.

Lọ́dún kan, ojú Bàbá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó máa ń fọwọ́ tọ́ ògiri kó tó dé ilé ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ìbàdàn, ó ní dókítà ti gbà láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, yóò sì pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, Bàbá pe èmi àti Múlíkà. A rò pé a ti dá ọ̀ràn. Ó ní, "Ẹ máa gé kùkúmbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un, eyín rẹ̀ kò le mọ́. Ẹ fún un ní ọsàn díẹ̀ lójoojúmọ́, bí kò bá rí ọsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e. Ẹ máa pààrọ̀ àpò tó ń sùn lé, kó má tutù. Ẹ gbé e sí oòrùn àárọ̀, kó má sì pẹ́ níbẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé àpótí náà. Ó wá ní, "Kì í ṣe ẹran o. Ara ilé ni." Ó wọ bàtà aláwọ rẹ̀, wọ́n sì lọ. Bàtà táyà kù sí ẹnu ọ̀nà.

A ṣe gbogbo ohun tó wí, ṣùgbọ́n Àkànjí kò jẹun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó tọ́ kùkúmbà wò, ó fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kò tiẹ̀ dìde. A gé ìbẹ́pẹ fún un, a já ewé ọ̀dùnkún, a fún ọsàn sí i lẹ́nu. Ó kàn kọjú sí ògiri. Ìyá mi wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ó ń wá ẹni tó ni ín." Bàbá Rẹ̀mí ní bí kò bá jẹun, kí a tètè wí, òun ní ata rodo nílé. Ó ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n Múlíkà kò kí i títí di alẹ́. Fóònù kò tíì dé àdúgbò wa nígbà náà; kò sí bí a ṣe lè bá Bàbá sọ̀rọ̀. Mo ń ro ohun tí a máa sọ bó bá dé, tó bá àpótí òfìfo. Mi ò lè jẹun pàápàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Múlíkà ń gbá iwájú ilé, ìgbálẹ̀ rẹ̀ sì ti bàtà táyà náà: "ṣàà." Àkànjí gbé orí sókè. Múlíkà wò mí, mo wò ó. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ kékeré rẹ̀ bọ bàtà gbàǹgbà náà, ó tẹ ẹ̀yìn díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Ṣàà, ṣàà. Ó húkọ́. Ó fi ohùn Bàbá ní, "Àkànjí, ṣé o jí?"

"Wíì," ni Àkànjí wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ kiri pẹ̀lú imú, ó bá kùkúmbà, ó sì jẹ ẹ́ tán. Mo sunkún, mi ò purọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, Múlíkà di Bàbá Onílé láàárọ̀ àti lírọ̀lẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe Àkànjí nìkan ló ń gbọ́ ọ. Bí bàtà náà bá ti wọ́, rédíò Bàbá Rẹ̀mí á kú. Ìyá mi tó ti gbé sítóòfù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gbé e wọlé pẹ̀lú ìkòkò lórí. Kódà nígbà tí gbogbo wọn ti mọ̀ pé Múlíkà ni, wọ́n ṣì ń sá. Ìyá mi ní, "Orí mi mọ̀, ẹsẹ̀ mi ni kò tíì mọ̀."

Múlíkà gbádùn ipò náà débi pé ó ń fi òfin tirẹ̀ kún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń bèèrè pé, "Ta ló da omi sílẹ̀ níbí?" nígbà tí mo rí i pé gbogbo àgbà ti kúnlẹ̀. Mo wẹ̀yìn. Bàbá Onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú awò dúdú lójú, ọmọ rẹ̀ gbé báàgì lẹ́yìn rẹ̀. Múlíkà yí padà. Ó kúnlẹ̀ sínú bàtà náà gan-an.

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Èwo nínú àwa méjèèjì ni wọ́n ń kí?" Ìyá mi ló fi ohùn kékeré ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí a ò rí rí wá ṣẹlẹ̀: Bàbá Onílé rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú, ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ rọra, ẹ rántí ojú yín."

Ó bọ́ bàtà aláwọ rẹ̀, ó rìn láìwọ bàtà lọ síbi àpótí náà, ó jókòó sílẹ̀, ó sì yọ awò náà. Àkànjí gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó súfèé lọ gbọnrangandan. Bàbá gbé e lé itan. Ó ń wò ó, ó ń wò ó. Ó ní, "Àkànjí, o ti darúgbó tó báyìí? Gbogbo irun ẹ ti funfun, èmi ò mọ̀." Ó fi ìka tọ́ irun orí ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àkànjí tún lo òjò kan sí i pẹ̀lú wa. Inú oòrùn àárọ̀ ló kú sí, pẹ̀lú ewé lẹ́nu. Bàbá ya lára ìró ìyàwó rẹ̀, ó fi wé e. Bàbá Rẹ̀mí tó ní ata rodo nílé ló gbẹ́ ilẹ̀, ó sì gbẹ́ ẹ jìn ju bó ti yẹ lọ, kí ajá má baà hú u. Kò sí ẹni tó tan rédíò lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ Bàbá kò sọ pé ká má tàn án.

Bàbá Onílé ti lọ tipẹ́. Àwọn òbí Múlíkà kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, lẹ́yìn náà mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Níbikíbi tó bá wà, mo mọ̀ pé ó ń pa ẹnì kan lẹ́rìn-ín. Ìgàndó ti di ilé lórí ilé, wọ́n ti fi símẹ́ńtì bo ibi tí a ti ń já koríko. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ̀ ń gbé yàrá tó ní ilé ìdáná tirẹ̀, ẹlòmíràn kò sì mọ orúkọ ẹni tó wà lókè rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá gbé e rí kì í ṣàárò títò dúró lẹ́nu ilé ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, obìnrin kan ládùúgbò wa ń lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ sí Àkúrẹ́. Ó gbé ológbò kan wá fún mi, ológbò arúgbó tí etí rẹ̀ ti di. Ó ń kà á fún mi lẹ́sẹẹsẹ, ohun tó ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ, ibi tó ń sùn, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa á lórí. Ó dé ẹnu géètì, ó tún padà wá. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ó fẹ́ràn kí wọ́n jókòó tì í tó bá ń jẹun ni."

Mo ti fa àga mi súnmọ́ abọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, "Máa lọ, ọmọ mi. A wà nílé."