Páásípọ́ọ̀tù Rónkẹ́ Nínú Àpò Kòkó

Ọjọ́ tí mo hùwà òmùgọ̀ jù lọ ni n kò lè gbàgbé. Mo fi páásípọ́ọ̀tù Rónkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pamọ́ sínú àpò kòkó nílé wa ní Oǹdó. Wọ́n ti mú un sínú ẹgbẹ́ eré bọ́ọ̀lù rọ́gíbì àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ń lọ díje lókè òkun. Mo ti rí eré náà lórí fóònù: wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ bí àpò gàrí! Ẹ̀rù bà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ìyàwó mi ta àpò kòkó náà láìmọ̀. Nígbà tí Rónkẹ́ wá páásípọ́ọ̀tù tì, tó bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́.

Rónkẹ́ pariwo, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kòkó ló fẹ́ wọ bàálù ni?"

A sáré wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, sí ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ra kòkó náà, ní òpópónà Arakale. Àpò mẹ́ta ló wà lórí tiwa. Mo di ọ̀kan mú, kò tilẹ̀ mì. Rónkẹ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tú ẹnu tiwa, ó sì fa páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yọ.

Síbẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Wọn á ṣẹ́ ẹ léegun."

Ìyá wo Rónkẹ́, ó wò mí. "Bàbá, àwọn tí ọmọ yìí fẹ́ lọ bá díje ni kẹ́ ẹ máa gbàdúrà fún."