Eyín Laurel Mẹ́rìnlélógún

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Tressa Combs kọ̀wé nípa ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sì pa á rẹ́. Kò sì ju ìlà mẹ́ta lọ! Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìsàlẹ̀ òkè, ti ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé pé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà tó lù, kí kálukú ti fi ara rẹ̀ hàn lójú ewé kíláàsì: ta ni ọ́, kí ló gbé ọ wá, kí ló yẹ ká mọ̀ nípa rẹ? Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun ní ajá mẹ́ta. Ẹnì kan ní òun fẹ́ràn kí òun máa gun òkè, bí ẹni pé a rí ẹni tí kì í gun òkè níbí kó tó dé ilé ìyá rẹ̀! Tressa kọ ọ́ pé, “Mo fẹ́ di dókítà eyín nítorí mo fẹ́ràn kí èèyàn máa rẹ́rìn-ín.” Ó kà á, ó pa á rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọmọ ogún ọdún ni. Gbogbo eyín òkè rẹ̀, àtọwọ́dá ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe lẹ́bàá odò Stony Lick náà nìyẹn. Mamaw Ozella, ìyá ìyá Tressa, kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ yọ gbogbo eyín ẹnu rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, tó sì ra òmíràn fún un. Ẹ̀bùn ìyàwó nìyẹn o! Kí ọkọ má baà gbé ìyàwó wọlé tòun ti ìrora. Verna, ìyá Tressa, yọ tirẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó fi máa kan Tressa, àwọn dókítà ọ̀fẹ́ ti ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á pàgọ́ sí pápá ìpàtẹ, àwọn èèyàn á sì sùn sínú ọkọ̀ kí wọ́n lè ríbi tò. Dídí ihò eyín ń gba àkókò, yíyọ kì í pẹ́. Àwọn kan nínú àwọn dókítà náà á kọ̀ bí eyín bá le. Àwọn mìíràn á wo bí ìlà ṣe gùn, wọ́n á wo ibi tí òbí fọwọ́ sí lórí ìwé, wọ́n á yọ ọ́. Mẹ́rìnlá ni wọ́n yọ lẹ́nu Tressa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mẹ́fà péré ló bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Kò mọ̀ nígbà náà. Àfìgbà tó ra ìwé ẹ̀yà ara àlòkù kan, tó ń kà á fúnra rẹ̀ lẹ́yìn káńtà ilé epo tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná: eyín kan ṣoṣo, ó ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ó ní iṣan tó ń mú kó mọ òtútù àti ooru, ó sì ní okùn tín-ín-tín lọ́tùn-ún lósì tó so ó mọ́ egungun bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ sínú aṣọ ìpọ̀n! Ohun alààyè ni! Tressa ka ibẹ̀ tán, ó fi ahọ́n kan ike tó wà lókè ẹnu rẹ̀, ó pa ìwé dé, ó lọ nulẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Laurel, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ó wá kàn báyìí. Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ti ń ro ó láti oṣù kẹfà, eéwo sì ti yọ nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣíwájú ọjọ́ Ajé tí à ń wí, Tressa jókòó tì í lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó fi ṣíbí àti iná fóònù wo ẹnu rẹ̀ láti igun dé igun. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀kan ti jẹrà, mẹ́ta ní ihò kékeré. Mẹ́rìnlélógún le bí òkúta.

Verna wà nídìí iná, ó ń ro ẹ̀wà. Ìwé àṣẹ àwọn dókítà ọ̀fẹ́ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wà lórí tábìlì, ó ti fọwọ́ sí i, nítorí ó máa wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Níbi tí wọ́n ní kó kọ eyín tí wọ́n máa yọ sí, ọ̀rọ̀ méjì ló kọ: gbogbo rẹ̀.

Tressa ní, “Mọ́mì, mẹ́rìnlélógún ló le.”

“Títí di ìgbà wo? Tìẹ náà le nígbà kan.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ẹyọ kan yẹn. Màá tọ́jú èyí tó kù nígbà tí mo bá di dókítà.”

“Ọdún mélòó nìyẹn?”

Tressa ń nu ṣíbí ọwọ́ rẹ̀.

“Mo ní ọdún mélòó?”

“Mẹ́sàn-án, bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ.”

“Ó dáa. Lọ sọ fún eyín kó jókòó dè ọ́.” Verna dá ìdérí padà sórí ìkòkò. “Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bó bá di oṣù kejìlá tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, ta ló máa yọ ọ́? Bàbá yín fi ẹ̀mú yọ tirẹ̀ nínú gáréèjì, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ igbe rẹ̀.”

Laurel di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní, “Sísì, fi Mọ́mì sílẹ̀. Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Oorun ni mo fẹ́ sùn.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Verna fi ìwé náà sínú àpamọ́wọ́ Laurel, ó lọ síbi iṣẹ́. Tressa yọ ọ́. Ó fi í sáàárín ìwé ẹ̀yà ara, ó ti ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èrò rẹ̀ dùn ún gbọ́: bí kò bá sí ìwé, dókítà ò ní lè yọ gbogbo rẹ̀, yóò kàn yọ èyí tí eéwo wà nídìí rẹ̀, torí ta ló máa rí ọyún tí kò ní tọ́jú ẹ̀? Ó dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n pe nọ́ńbà wọn ní pápá ìpàtẹ. Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Hobart ló wà níwájú wọn lórí ìlà, eyín mẹ́ta péré ló kù sí i lẹ́nu, ó sì ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín láti ìdájí.

“Mo fẹ́ kí wọ́n kó àwọn mẹ́ta yìí kúrò,” ni bàbá náà wí. “Láti ìgbà tí àwọn tó kù ti lọ, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.”

Laurel rẹ́rìn-ín, ó sì mí kanlẹ̀ torí ìrora. Obìnrin tó jókòó sẹ́nu àgọ́ na ọwọ́.

“Ọdún mélòó ni ọ́, ọmọ mi?”

“Mẹ́rìndínlógún, mà.”

“Ìwé òbí ńkọ́?”

Laurel wá inú àpamọ́wọ́. Ó dojú ẹ̀ kọ orí tábìlì. Tressa ń wò ó.

Tressa ní, “Ẹ wò ó, mà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ẹyọ kan ló ń ro ó. Ó ti ń ṣe ọyún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn yọ ìyẹn.”

“Ṣé ìwọ lo ni àṣẹ lórí ẹ̀?”

“Rárá, mà. Ìyá wa wà níbi iṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù dání níbẹ̀.”

“Fóònù ò tiẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́, ọmọ mi. Láìsí ìwé, a ò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ kàn án. A ò tiẹ̀ gbọdọ̀ wo ẹnu ẹ̀. Aago méjìlá la máa ti ilẹ̀kùn.”

Tressa kọjú sí Laurel, ó ní, “Ìwé náà ṣẹ́kù sílé. Dúró ti Bàbá Hobart. Mò ń bọ̀.”

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti pápá dé ilé wọn, bí èèyàn bá ń fi ọkọ̀ sá eré tí kò yẹ kó sá. Tressa sá a. Ó wọ yàrá, ó fa ìwé ẹ̀yà ara jáde, ó ṣí i. Ojú ewé tó fi ìwé àṣẹ sí, àwòrán àgbọ̀n ni wọ́n yà síbẹ̀, ọfà pupa sì ń fi ọ̀nà hàn, bí ọyún ṣe ń ti ìdí eyín ìsàlẹ̀ ṣàn lọ sábẹ́ ahọ́n, tó ń ti abẹ́ ahọ́n lọ sí ọ̀fun. Ó ti ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta! Òun fúnra rẹ̀ ló fi bírò yẹ́lò fa ìlà sí i nídìí!

Nígbà tó ń padà bọ̀, ọkọ̀ ojú irin èédú dí ọ̀nà ní ìkọjá Gate Fork. Ẹni tó bá ń gbé níbí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: o ò lè yà, òkè wà lọ́tùn-ún, odò wà lósì, ọkọ̀ náà á sì máa wọ́ lọ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Tressa ń ka àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ náà ń fà. Ó ka àádọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin, kó tó rí ìdí rẹ̀. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ló dé. Wọ́n ti ta okùn dí ẹnu ọ̀nà. Laurel jókòó sórí koríko, Bàbá Hobart dúró tì í, òwú funfun kún ẹnu bàbá náà, kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń mi orí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ibà mú Laurel. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti wú, ó le bí igi, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ torí kò lè gbé e mì. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìlú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Dókítà ibẹ̀ wo ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì kígbe pe àwọn tó kù. Wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n yọ eyín náà, wọ́n ki rọ́bà sí i lọ́fun kó lè máa mí. Dókítà ò fi bò fún wọn: wọn ò tíì lè sọ bó ṣe máa rí.

Verna ò bú ẹnikẹ́ni. Àpamọ́wọ́ Laurel ló ń tú. Á kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí àga, á tún kó o padà.

“Mo fi sí i. Mo mọ̀ pé mo fi sí i. Àbí mi ò fi sí i?”

Tressa jókòó tì í, ó ń wò ó.

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ṣì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Tressa ń tẹ fóònù. Verna ní, “Ta lò ń kọ̀wé sí?”

“Olùkọ́ ni. Wọ́n ní ká fi ara wa hàn kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.”

“Ka ohun tó o kọ.”

“Mọ́mì…”

“Mo ní kà á. Ó sàn ju kí n máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń bá Laurel mí yẹn lọ.”

Tressa kà á. Bó ṣe wà lójú ewé kíláàsì títí dòní rèé:

“Orúkọ mi ni Tressa Combs. Mo ní eyín mẹ́rìnlá, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Mo fẹ́ di dókítà eyín. Lọ́jọ́ Ẹtì mo fi ìwé tí ìyá mi fọwọ́ sí pa mọ́, kí wọ́n má baà yọ eyín tó le lẹ́nu àbúrò mi. Wọn ò wá yọ èyí tó ń pa á. Ó wà ní ọsibítù, kò lè dá mí fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa mi nìyẹn.”

Verna ò wò ó. Ó ń wo ògiri.

“Tún un kà.”

Tressa tún un kà.

“O jẹ́ kí n máa tú àpò láti àná.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O jókòó síbẹ̀, ò ń wò mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ na mi, Mọ́mì. Ẹ bínú sí mi.”

“Mi ò tíì débẹ̀.” Verna di àpò náà, ó gbé e sílẹ̀. “Kọ ọ́ sí i pé èmi ni mo kọ ‘gbogbo rẹ̀’ sórí ìwé yẹn. Kọ orúkọ mi. Kí olùkọ́ yẹn má rò pé ìwọ nìkan lo wà nílé.”

Tressa kọ ọ́. Òun ni ìlà tó gbẹ̀yìn. Ó fi ránṣẹ́ nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, àwa tó kù sì kà á lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ajá mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó fèsì. Nígbà tí Tressa wọ kíláàsì láago mẹ́wàá, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt kàn fa àga kan fún un nítòsí tábìlì iwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n yọ rọ́bà lọ́fun Laurel. Ó yè é. Àpá wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì, ohùn tó fi ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ò sì padà. Ó ti há, bí ti àgbà ọkùnrin tó ti pẹ́ nínú ihò èédú. Eyín mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kù sí i lẹ́nu. Àwọn mẹ́ta tó ní ihò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó díẹ̀díẹ̀.

Ìwé àṣẹ ti ọdún tó ń bọ̀ ti dé. Verna ti fi í lẹ ara fíríìjì, ibi tí Tressa ti máa ń rí i ní àràárọ̀ kó tó lọ sí kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Laurel máa jẹ́ nígbà náà, kí òbí fọwọ́ sí i ṣì di dandan. Verna ti kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i, ó ti kọ ọjọ́ orí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ní kó kọ eyín tí wọ́n máa yọ sí, kò tíì kọ nǹkan kan.