Bíríkìlà Tó Kọjú Ṣọ́ọ̀ṣì Wa sí Gábàsì

Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni Bàbá Abdulsobur, bíríkìlà tó kọ́ ilé ìsìn Ìjọ Onítẹ̀bọmi wa nílùú Ìwó. Ẹni tí ìyẹn bá yà lẹ́nu, àlejò ni.

Ilé ìsìn wa àkọ́kọ́, alámọ̀ ni, koríko ni wọ́n fi bò ó. Èkejì gba páànù, bàbá tó bí Bàbá yìí gan-an ló sì rẹ́ ògiri rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn náà kò gbà wá mọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ ìwàásù lábẹ́ igi máńgòrò (wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ọ), a ní ká kọ́ ẹ̀kẹta. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ó ní iṣẹ́ tí òun máa fi gbẹ̀yìn nìyí, kó jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ òun lè máa nawọ́ sí.

Àwa ìyá ìjọ la pọn omi. Garawa lórí, orin lẹ́nu, òfófó díẹ̀ náà wà níbẹ̀, Ọlọ́run á dárí jì wá.

Òjò kan ló wọ́ gbogbo èèkàn tí wọ́n fi sàmì sílẹ̀ lọ. Bàbá kò pe ẹnikẹ́ni. Ó dé láàárọ̀, ó kan èèkàn mìíràn, ó ta okùn bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n ta. Mọ́ṣáláṣí mọ́kàndínlógún lọwọ́ náà ti kọ́.

Kọnkéré ìpìlẹ̀ ti gan kí Díákónì Ọládayọ̀ tó dúró lójú títì, tó yí orí sọ́tùn-ún, tó yí i sósì.

“Bàbá, ṣọ́ọ̀ṣì yìí kọ ẹ̀gbẹ́ sí títì.”

Bàbá wo òòrùn, ó wo ìpìlẹ̀, ó bá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. “Ọládayọ̀, gábàsì ni mo kọjú ẹ̀ sí.”

“Ṣé ìrun la fẹ́ máa kí níbẹ̀ ni?”

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fúnra òun ló máa fọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí òun, kí wọ́n má baà ní ìtìjú lòun fi parí iṣẹ́. Ó ti rán ènìyàn lọ mú òòlù ńlá wá.

Nípàdé ìjọ lọ́jọ́ kejì, àwọn díákónì ní kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é, kó máa fọ́ ọ. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. Ni Ìyá Ẹyinjúolúwa, olórí àwa ìyá ìjọ, bá dìde.

“Omi ta ló wà nínú kọnkéré yẹn?”

Ọládayọ̀ ní, “Omi tiyín ni, Màmá.”

“Ọrùn mi ò tíì bọ̀ sípò. Ẹni tó bá fẹ́ kó kọjú sí títì, kó lọ yí títì.”

“Màmá, ẹlẹ́yà la máa dà láàárín ìlú.”

“Ìgbà tí ìwọ dá orin lọ́jọ́ Kérésì, ẹlẹ́yà náà kọ́ la dà? A ò sì fọ́ ẹ.”

Pásítọ̀ fi Bíbélì bojú, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ òòlù. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá, arúgbó dọ̀bálẹ̀ fún arúgbó, èèyàn méjì la sì fi gbé e dìde. Ọ̀nà tuntun la wá là, látẹnu ilẹ̀kùn dé títì.

Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, Bàbá jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pẹ̀lú Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í bó ṣe rí i.

“Ó gún, Ìyá Ayọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n bọ́ bàtà.”

Òòrùn àárọ̀ wọlé látẹ̀yìn Pásítọ̀, a ò rí ojú rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Kí ìwàásù tó dé ìdajì, Bàbá ti sùn lọ fọnfọn, bí ojúlówó ọmọ ìjọ.