Ọjọ́ Tí Mo Ti Ilẹ̀kùn Nítorí Orin

Mò ń ran apá búláòsì oníbàárà kan tó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ire-Akari, nígbà tí rédíò dédé dákẹ́, tí orin ṣójà sì bẹ̀rẹ̀. Fèrè àti ìlù ńlá, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde, mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, mo pa fáànù.

"Àǹtí," oníbàárà mi ní, "ṣé ẹ fẹ́ jí mi gbé ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ búláòsì mi, kí n lè jọ èèyàn níbi tí ẹ ń gbé mi lọ."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gbàjọba," ni mo sọ.

Ẹni tó bá tó mi lọ́jọ́ orí mọ orin yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, odidi òwúrọ̀ kan ni rédíò fi kọ ọ́, láìsí ẹni tó sọ fún wa pé ká má jáde. Bàbá mi ń ta ìwé ìròyìn ní Òṣòdì. Ó ní orin lásán ò lè dá ọjà òun dúró, èmi ni mo bá a ru ìwé. Àwọn ṣójà bá wa lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè. Wọ́n na bàbá mi títí kò fi lè dìde. Bàtà ọ̀kan nínú wọn tẹ ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́lẹ̀. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ò nà tán mọ́ títí dòní.

Orin náà ṣì ń lọ nígbà tí ohùn ọmọbìnrin mi wọlé. Òun ló ń ka ìròyìn Yorùbá ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Àjàó Estate.

"Ohun tí ẹ gbọ́ yẹn," ó ní, "láti orí rédíò orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá ni. Àwọn ṣójà ibẹ̀ ní àwọn ti gbàjọba láàárọ̀ yìí. Ní Nàìjíríà níbí, kò sí nǹkan kan."

Oníbàárà mi wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi. "Ṣé ẹ ò wá ní ṣílẹ̀kùn ni?"

Mi ò ṣí i. Ọmọ mi ló ń dárúkọ ṣójà létí gbogbo ayé yìí. Mo pè é lórí fóònù títí ó fi gbé e.

"Gbé báàgì ẹ, kó o máa bọ̀ nílé."

"Màmá mi, ibẹ̀ jìnnà sí wa."

"Ṣójà ò jìnnà síbì kankan. Fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì."

"Ṣé ẹ ti tilẹ̀kùn?" ó bi mí.

Ojú tì mí. "Mo ti tì í."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi orin yẹn ṣíwájú, mi ò rántí yín. Ẹ má bínú. Àmọ́ tí mo bá kúrò, ta ló máa sọ fún àwọn tó tilẹ̀kùn bíi tiyín pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni?"

Mo rántí òwúrọ̀ ọjọ́sí. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, bàbá mi ì bá jókòó sílé.

"Kà á," ni mo wí. "Àmọ́ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ná, kó o tó fi orin sí i."

Mo ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rù ò kúrò lára mi. Gbogbo ọkọ̀ tó bá pariwo lójú ọ̀nà ni mo ń yọjú wò. Síbẹ̀ mo yí rédíò sókè kí àwọn ará òpópó lè gbọ́, mo sì fi ìka mi tó wọ́ ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ìròyìn wákàtí tó tẹ̀lé e dé, ọmọ mi kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí orin tó wọlé. Lódìkejì ọ̀nà, obìnrin tó ń ta ìkòkò ìdáná, tó tó mi lọ́jọ́ orí dáadáa, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìkòkò tó ti kó wọlé nígbà orin àkọ́kọ́ padà síta.