Bí Ẹlẹ́nu Rọ́bà Ṣe Pe Ọkọ̀ Ìyá Rẹ̀

Àwa òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ la sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu Rọ́bà, kò sì bá wa jà, torí ó rò pé à ń yìn ín ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó jókòó sínú yàrá onígíláàsì tó wà lókè ibi tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kó máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe ọkọ̀. Ọkọ̀ báyìí fẹ́ gbéra, ẹnu ọ̀nà báyìí ló wà, ẹ máa wọlé. Á sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, á tún un sọ ní Yorùbá, ó parí. Bàbá tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ kò ní eyín iwájú kankan, síbẹ̀ títí bàbá náà fi fẹ̀yìntì, a ò rí èrò kan tó tìtorí rẹ̀ pàdánù ọkọ̀.

Ẹlẹ́nu Rọ́bà náà kọ́kọ́ ń ṣe é dáadáa. Ìgbà tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀ ni wàhálà dé. Olùkọ́ kan ló sọ fún un pé àwa máa ń fún gbogbo ègé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọwọ́ kan náà, bí ẹni ń gúnyán. Àwọn tó ni èdè, ibì kan ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé ìyókù mì. Wọ́n á so ìdí ọ̀rọ̀ kan mọ́ orí èkejì, wọ́n á gbé ohùn sókè, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ gbólóhùn bá ṣe fẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ olùkọ́ náà, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ tí òótọ́ bá bọ́ sọ́wọ́ òmùgọ̀, ẹ sá fún un.

Kò jẹ́ ká rímú mí mọ́. Bó bá ń jẹun ọ̀sán, ṣíbí ló fi ń lu àwo: kíkankíkan fún ibi tí wọ́n ń tẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ibi tí wọ́n ń gbé mì. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa kí i ní Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ló bá dá a dúró tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó tún un kí, kó tún un kí, títí omi fi lé sójú obìnrin tó tó bí i lọ́mọ. Èmi, ó ní ohùn mi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Mo ní ó ṣeun. Kí ni mo fẹ́ fi ohùn olókè ṣe nídìí tíkẹ́ẹ̀tì?

Bó bá fi mọ sórí Gẹ̀ẹ́sì, à bá fojú fò ó. Ọkùnrin yìí gbé e wọnú Yorùbá! Yorùbá tí ègé kọ̀ọ̀kan ti ní ohùn tirẹ̀ láti ilé ìyá rẹ̀ wá, tó jẹ́ pé bí o bá yí i padà, o ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ń tẹ ibi tí kò yẹ ní títẹ̀, ó ń gbé orúkọ ìlú mì, ó ń fa ìparí gbólóhùn lọ sókè bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ nídìí. Àwọn èrò á gbójú sókè, wọ́n á máa wo ara wọn. Wọ́n rò pé òyìnbó kan ló wà lókè, tó ń gbìyànjú.

Àwọn alárùú ló ń kó wa yọ. Bó bá ti pe ọkọ̀ tán, olórí wọn á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pariwo orúkọ ìlú náà lẹ́ẹ̀mẹta, oníkálùkù á gbé ẹrù rẹ̀. Ẹlẹ́nu Rọ́bà lọ bá máníjà, ó ní ariwo àwọn púrúǹtù wọ̀nyí ń ba ọ̀rọ̀ òun jẹ́. Máníjà wa, tó máa ń gbọ̀n bó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó gba imú jáde, fòfin dè wọ́n. Ẹni tó bá tún pariwo, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," mo wí fún un, "àwọn èrò ò gbọ́ yín o."

"Wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ ni," ló fi dá mi lóhùn. "Etí ni kí wọ́n lọ kọ́."

Ẹ gbọ́ mi, etí ni kí wọ́n lọ kọ́! Mo wò ó tìyanu-tìyanu, mo kọjú sí tíkẹ́ẹ̀tì mi.

Ó ní ìyá, ìyá náà ni mo sì káàánú. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ojú kan tó wá láti òkèèrè gbà láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù ìlú kejì, ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an ni, bílẹ̀ bá mọ́, dókítà ti lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ojú kejì yìí ò bá rí iṣẹ́ abẹ náà, ó ń lọ nìyẹn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbé e débẹ̀ lákòókò. Èmi ni mo ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni ọ̀gá kan wá láti olú ilé iṣẹ́, láti wá gbọ́ ohùn tí wọ́n máa lò ní gbogbo ibùdókọ̀ wọn. Ẹlẹ́nu Rọ́bà ta táì mọ́rùn. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ògiri mi.

"Màmá, ẹ jókòó síbí. Bí ọkọ̀ yín bá fẹ́ gbéra, èmi fúnra mi ni màá pè é."

"O ò ṣe kúkú mú mi débẹ̀, ọmọ mi? Ojú yìí ò ríran dé ọ̀hún mọ́."

"Ọ̀gá ń bẹ lókè, Màmá. Ẹ ṣáà máa fetí sí ohùn mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mi ò lè ṣì í mọ̀."

Èrò pọ̀ níwájú mi, mi ò rí ẹ̀yìn. Mo kàn gbọ́ nígbà tó pe ọkọ̀ náà ni. Áà, ó pè é! Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ́ mọ́ra wọn bí bọ́tà. Yorùbá náà tẹ̀ lé e, ó gba ọ̀nà kan náà. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀gá náà mi orí, ó ní irú rẹ̀ làwọn ń wá. Olórí alárùú dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó pa ẹnu mọ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Dírẹ́bà dúró díẹ̀, kò rí ẹnì kan tó ń bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Ìgbà tí èrò dín kù ni mo jáde láti na ẹsẹ̀. Màmá ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó dẹ etí sílẹ̀. Mo fi igbe ta. Ẹlẹ́nu Rọ́bà yọjú lókè, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní géètì. Kò mọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀. Ó gba àárín ibùdókọ̀ já, táì rẹ̀ ti fò sẹ́yìn.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró o! Ìyá mi ò tíì wọlé! Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi o!"

Gbogbo ọ̀rọ̀ ló balẹ̀ síbi tí Ọlọ́run fi í sí. Kò sí èrò kan nínú ọgbà náà tí kò yé, gbogbo wọn ló yíjú. Dírẹ́bà nìkan ni kò gbọ́, ó ti gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, ó ti já sí títì.

Màmá di ọwọ́ mi mú, inú rẹ̀ dùn, ó dìde.

"Ẹ̀hẹ́n! Ohùn ọmọ mi nìyẹn. Àtàárọ̀ ni òyìnbó kan ti ń dà mí létí rú. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, mú mi lọ, ọkọ̀ mi ti dé nìyẹn."